Olùdáhùn Kẹrin

Màmá Felíṣíà Àṣàkẹ́ Ọláògún ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ẹ̀yin ará, lórí àga onípákó níwájú ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí n tún orúkọ náà pè, torí òun gan-an ni ẹjọ́ mi: Felíṣíà Àṣàkẹ́ Ọláògún.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì, ìwádìí tí mo sì ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá ni bí wọ́n ṣe ń rẹ́ obìnrin jẹ nídìí iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá. Màmá yìí ṣe iṣẹ́ náà nígbà èwe wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn dúró létí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù títí dé òpin, wọ́n fi ọ̀rá bo ìwé tí wọ́n ń kọ, omi sì kún inú bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn náà dé ọ́fíìsì, olóòtú kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Felí, o gbìyànjú o! Àmọ́ ta ló máa gba ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gbọ́ lẹ́nu obìnrin? Lọ bá mi kọ̀ròyìn nípa ọbẹ̀ tí ìyàwó aṣọ́lé máa ń sè fún un."

Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn náà jáde gẹ́lẹ́ bí màmá ṣe kọ ọ́. Orúkọ ọkùnrin kan tó sùn sílé lọ́jọ́ òjò yẹn ló wà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí títí wọ́n fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Èmi ni mo wà nínú òjò," ni màmá wí fún mi. "Dókítà, ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Kọ orúkọ mi síbẹ̀, gbogbo ẹ̀. Má fi nǹkan bò mí."

Wọ́n tiẹ̀ buwọ́ lùwé pé kí n lo orúkọ àwọn. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá parí ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kan ni màá wá kà á fún yín."

Mi ò lọ mọ́.

Láàárín àwa olùwádìí, a máa ń fi orúkọ ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ pamọ́, kí nǹkan má bàa ṣe é. Màmá ò ní kí n pa àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóòtú yẹn ti di èèyàn ńlá nílùú, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Mo kọ "Olùdáhùn Kẹrin" dípò orúkọ wọn, torí àwọn ni ẹni kẹrin tó dá mi lóhùn, mo bá tèmi lọ. Èyí tó burú jù ni pé "Èmi Ni Mo Wà Nínú Òjò" ni mo fi ṣe àkọlé ìwé mi, mi ò sì sọ níbì kankan pé ẹnu ẹnì kan ló ti jáde. Ìwé ọ̀hún nìyẹn tí ẹ wá bá mi dúpẹ́ lé lórí lónìí. Òun ni wọ́n fẹ́ fi sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń gbààwẹ̀ nítorí oyè náà. Lẹ́yìn àdúrà agogo méjìlá ọ̀sán, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mo gbórí lé bẹ́ǹṣì. Bí mo ṣe ní "Àmín" báyìí, oorun gbé mi lọ.

Mo bá ara mi lójú ọ̀nà eléruku kan. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, dúró dè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Tẹ̀ lé mi. Má fọwọ́ kan nǹkankan."

A dé pápá kan tí mi ò rí òpin ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná bí inú ààrò. Àwọn kan di makirofóònù mú, wọ́n ń ròyìn bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò gbá. Ahọ́n wọn ti wú, ó ti dúdú, wọn ò sì lè dákẹ́.

"Òpùrọ́ ni wọ́n," ni amọ̀nà mi wí.

Níwájú, ilẹ̀kùn irin kan pọ́n bí ẹyín iná. Àwọn ọkùnrin ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, awọ ọwọ́ wọn ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń kígbe pé kí wọ́n ṣí i.

"Alágbèrè ni wọ́n. Wọ́n ní ìyàwó nílé. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lọ ròyìn bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba yàrá wọn kọjá."

Mo fẹ́ sunkún, omijé gbẹ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí olóòtú yẹn. Mo dá a mọ̀ látinú fọ́tò tí màmá fi hàn mí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ orúkọ kan, bó ṣe ń kọ ọ́ ni iná ń jẹ ẹ́ kúrò lórí ìwé. Ó ń fa aṣọ gbogbo ẹni tó bá kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè mí? Ẹ ṣàánú mi, kí ni ìyá mi máa ń pè mí?"

Ó rí mi. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn aṣọ, ó ní, "Dókítà! Ìwọ mọ̀ mí! Mo wà nínú ìwé ẹ!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ tiẹ̀ náà, mo ti fi pamọ́, mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i, ọwọ́ ẹ̀ ń jó mi lọ́rùn, mo já ara mi gbà, mo sáré, mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú, ohùn ẹ̀ ń lé mi bọ̀, "Kí ni wọ́n ń pè mí? Kí ni wọ́n ń pè mí?" títí afẹ́fẹ́ tútù kan fi fẹ́ sí mi lójú, tí gbogbo ariwo sì dákẹ́.

Ẹnubodè kan ló wà níwájú mi. Nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ igi kan, Màmá Felíṣíà jókòó. Ara wọn ti padà di ti ọ̀dọ́. Wọ́n ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù ọjọ́ òjò yẹn sókè, àwọn èèyàn yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Bàtà wọn gbẹ.

Màmá gbójú sókè. "Ta nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo lanu láti dárúkọ ara mi. Ohun tó jáde ni, "Olùdáhùn Kẹrin."

Mo tún gbìyànjú. Mo wá orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo wá èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi. "Olùdáhùn Kẹrin. Olùdáhùn Kẹrin."

Adènà ṣí ìwé ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "A ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

Màmá dìde, wọ́n wò mí títí. Inú ò bí wọn, ẹ̀yin ará. Ì bá sàn kí inú bí wọn. "Ó jọ ọmọ kan tó ní òun ń bọ̀ wá bá mi," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo dé, wọ́n pe orúkọ mi. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n pè. Ta ló máa wá pe tìẹ?"

Amọ̀nà mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Padà. Lọ pe orúkọ màmá yìí láyé, kí ọjọ́ ẹ tó pé."

Mo jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń ràn lójú fèrèsé. Mo tẹ màmá láago lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin wọn ló gbé e.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún màmá."

Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Dókítà tó ń kọ̀wé."

"Háà. Dókítà. Màmá ti lọ, ọjọ́ kẹjọ rèé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ní ká gbé àga méjì síta. Wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀ wá kàwé fún àwọn."

Ẹ̀yin ará, ẹ má bá mi dúpẹ́ mọ́. Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ oyè náà dúró. Ìwé náà ò ní jáde mọ́ àyàfi tí orúkọ màmá bá wà lára èèpo ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àná, mo lọ jókòó lórí ọ̀kan nínú àga méjì yẹn, mo kà á látòkè délẹ̀. Àga kejì ṣófo.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra. Àwa tí a ń fẹnu gbèjà èèyàn náà lè jalè lọ́wọ́ wọn. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ẹni tó o sọ fún pé ò ń bọ̀, ṣé àga ẹ̀ ò tíì ṣófo?