Sísanra Tó Ní Nọ́ńbà

Nílé ìwòsàn kan l'Ókìtìpupa, obìnrin kan tó sanra bíi tèmi ń sunkún sí ọkọ rẹ̀ létí níwájú mi.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Dókítà ní àìsàn ni sísanra mi, ó kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ àìsàn náà sí káàdì mi.”

“Àwọn ará ilé mi ti pè ọ́ ní wọ̀bìà títí. Wọn kì í fún wọ̀bìà ní nọ́ńbà, ìyá ọmọ mi. Àìsàn ni wọ́n ń fún, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀.”

Obìnrin náà dákẹ́ ẹkún. “Wọ́n ní kí n dín òkèlè púpurú tí mò ń jẹ kù.”

“A ó jọ dín in kù ni.”

Èmi tí mo ń ta ẹja gbígbẹ, n kò tíì rí èyí tó gbẹ tó ọkọ yìí.

“Ẹ̀yin kẹ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. “Kí ló kù lára yín?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é fún ìtọ́jú, ó dìde, ó tẹ̀lé e.