Eruku Tí Kì Í Ṣe Ti Ilé Màmá Olùkọ́

Ọdún méje ni mo fi tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n. Ahọ́n ti wú, kò gbà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tu ú jáde ní gbangba lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbá mi létí gbá mi létí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣíjú kúrò lára mi ṣíjú kúrò. Kò sí èyí tí ò tọ́ sí mi nínú méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ tó ń fọ ihò afẹ́fẹ́ inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbogbo yàrá. Páìpù páànù gbọọrọ ló ń gbé e gba orí àjà kọjá, afẹ́fẹ́ náà á sì jáde sí yàrá kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ihò tí wọ́n fi àwọ̀n irin bò. Òótọ́ ni pé eruku máa ń kó síbẹ̀, ilé mìíràn sì wà tó yẹ kí wọ́n fọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó láti bọ́ ọ̀gá wa. Owó táṣẹ́rẹ́ la máa ń kọ sínú ìwé ìpolówó. Ìgbà tí a bá wọlé tán ni owó gidi ń yọ orí. Èmi ni wọ́n máa ń rán ṣáájú, kí n yẹ ilé wò, kí n sì dá iye lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ẹlẹ́nu Oyin, inú mi a sì máa dùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ. Òmùgọ̀ ni mí, mi ò bi ara mi léèrè ohun tí oyin ń ṣe fún eṣinṣin.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo kan ilẹ̀kùn Màmá Olùkọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n sin ọkọ wọn. Bàtà bàbá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti fi pólíìṣì kùn ún. Ilé náà mọ́ débi pé èèyàn lè lá iyọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀. Mo gun àkàbà, mo tú àwọ̀n irin, mo tan tọ́ọ̀ṣì síhò. Páànù inú rẹ̀ ń kọ mànà sí mi lójú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n ní, "Màmá, ẹ tọ́jú owó yín." Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ṣí fóònù mi, mo fi àwòrán páìpù dúdú kan hàn wọ́n, èyí tí a yà nínú ilé kan tí iná jó lódì kejì ìlú.

Màmá di tábìlì mú. "Afẹ́fẹ́ tí èmi àti bàbá ń mí nìyí?"

Mo ní, "Bàbá dà, mà?"

"Wọ́n ti lọ. Dókítà ní ọkàn ló mú wọn lọ, ó ti ń dà wọ́n láàmú láti kékeré."

"Ṣé wọ́n máa ń wúkọ́?"

"Ta ni kì í wúkọ́, ọmọ mi? Wọ́n máa ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀."

Mo mi orí. Mo bi wọ́n bóyá wọn ò fọ ihò náà rí. Wọ́n ní bàbá fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn bí, ló ní owó tí wọ́n ń pè ti pọ̀ jù, pé òun ti gun àga wo inú rẹ̀, ó mọ́, pé kí wọ́n kàn pààrọ̀ asẹ́ inú ẹ̀rọ. Mo ní, "Háà." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Mi ò sọ pé ọmọ wọn ló pa bàbá rẹ̀ o. Mo kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Nígbà tí mo wá dárúkọ owó, owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì, Màmá ò dúnàádúrà rárá. Wọ́n ń san án bí ẹni ń tọrọ àforíjì. A gbé ẹ̀rọ wọlé, a fọ ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bá mi gbé àkàbà dúró síta, ó ní, "Ẹlẹ́nu Oyin, páìpù tí èmi rí kọ́ ló wà nínú fóònù rẹ." Mo ní kó gbájú mọ́ àkàbà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ Màmá wá sí ọ́fíìsì wa. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa ná owó yẹn, mi ò bèèrè rẹ̀. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tẹ̀ lé mi délé, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé àwòrán yẹn kì í ṣe ti ilé wa." Kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti gbọ́. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Tó o bá jẹ́wọ́ nílé kan, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kó o wáṣẹ́ mìíràn." Mo wọ ẹ̀yìn, mo tú àpò ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku, àpò tí a ò tíì dà nù láti ìgbà tí a ti bá mẹkáníìkì kan gbá ilé iṣẹ́ rẹ̀. Mo bu eruku dúdú sínú ìgò, mo dé e. Ọwọ́ mi yìí ló dé e.

Ọmọ náà ló ṣáájú mi wọlé, ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ó ní, "Màmá, àǹtí yìí fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Mo gbé ìgò jáde nínú àpò, mo ní, "Màmá, ohun tí a kó jáde nínú páìpù yín rèé." Màmá dìde, wọ́n gba ìgò náà, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo òògùn. Wọ́n wá tì í sí ọmọ wọn lọ́wọ́. "Gbà. Ẹ̀mí bàbá rẹ nìyí. Owó tó o ṣún ná nìyí. Jáde nílé mi." Mo ń retí kí ọmọ náà ṣẹ́ èpè fún mi. Kò ṣẹ́ ẹ. Ó wò mí, ó rọra gbé ìgò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì jáde. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn. Ká ní ó ṣépè ni, ìbá sàn fún mi.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá tèmi náà kú. Nọ́ọ̀sì kan tí ò ní ohun búburú kankan lọ́kàn ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀ bá ti tètè gbé wọn wá ni." Gbólóhùn kan péré. Mi ò lè jẹun dáadáa fún odidi oṣù kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo gbé lé èèyàn láyà. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba ilé Màmá Olùkọ́ lọ.

Ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn. Màmá ti ń ṣarán, òun ló sì padà wá tọ́jú wọn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Màmá ti gbàgbé, wọ́n ti gbàgbé mi, wọ́n ti gbàgbé ìgò. Ohun tí wọn ò gbàgbé ni pé ọmọ yìí ló pa ọkọ wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá sunkún, wọ́n fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀. Mo ń kọrin relé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà pè mí. "Wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n tún bi mí pé kí ni mo ń wá nílé àwọn." Ó wá ní, "Ẹ máa bọ̀."

Gbogbo Sátidé ni mo wá ń lọ. Màmá ti gbá mi lójú rí. Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín rí. Wọ́n ti bi mí pé èló la máa ń gbà, mo sì sọ ọ́. Tí mo bá ti rò ó tán, ọmọ wọn a ní ìyá títí di alẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bójú tó Màmá." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi dúbúlẹ̀, mi ò lè lọ. Màmá ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ló bá ní, "Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè máa kà á fún wọn. Ẹ má yọ ìkankan kúrò." Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹnu dídùn tajà, ẹ lè dá owó olówó padà. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń sáré lé "háà" kan ṣoṣo.

Màmá, tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n ń kà sí yín létí lónìí, èmi tí mo gun àkàbà nílé yín ni mo kọ ọ́. Páìpù yín mọ́. Ọkàn ló mú bàbá lọ, bí dókítà ṣe sọ. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ fún yín, èmi ni mo purọ́. Òun náà ló ń kàwé yìí. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dákẹ́, kó wá jókòó tì yín, kẹ́ ẹ jọ jẹun.