Erè Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jẹun

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi ní Alaba Rago, níbi tí mo ti tò láti ra adìẹ, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà tó wà níwájú mi.

"Màmá, ẹ ṣeun! Ejò erè tí mò ń sìn nílé ti ń gùn mí lọ́wọ́ padà."

"Ṣé o fi í sílẹ̀ bí mo ṣe wí níjọsí?"

"Mo fi í sílẹ̀, mà. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti gbé ọmọ adìẹ mì, á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fẹ́ bù mí jẹ. Mo ní ayé ti dé nìyẹn. Ni mo bá fi òróró àdúrà ra á níkùn."

"Ló bá bì í?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Ó ku díẹ̀ kí n lọ jù ú sígbó."

Màmá rẹ́rìn-ín títí. "Lọ́dọ̀ àwa Ègùn, a kì í fọwọ́ kan erè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Kò bínú sí ẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ikùn tó kún ò ṣeé gbé sáré."

Ikùn tó kún ò ṣeé gbé sáré! Mo ṣì ń rántí ẹ̀.

Ọmọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Èmi àti ẹ̀ nìkan la jọ ń gbé."

Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Lọ́jọ́ tó bá jẹun, fi í lọ́rùn sílẹ̀. Máa bọ̀ nílé mi, kó o wá jẹun."