Mo Gúnyán fún Àwọn Tó Ba Iṣẹ́ Òṣùpá Mi Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ká ní ọ̀tá ló ṣe mí báyìí ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí dàgbà! Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó". Inú ló ń bí mi.

Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣakí. Iṣẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe ni láti mọ ibi tí òṣùpá wà gan-an lójú ọ̀run. Ẹ̀rọ kan wà lórí òṣùpá tó ń fọhùn bíi ti rédíò. A gbé àwo ńlá kan, bíi ti sátẹ́láìtì, sí Òkèhò láti máa gbọ́ ọ, a sì nílò èkejì sí ọ̀nà jíjìn. Ohùn náà máa ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, ìyàtọ̀ kékeré yẹn la sì fi ń mọ ibi tí òṣùpá dúró sí. Ẹni tó fọwọ́ dí etí kan, ṣé ó lè mọ ibi tí wọ́n ti ń pè é? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo kan ṣoṣo ò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe.

Oko bàbá wa lẹ́yìn Ogbooro lọkàn mi lọ, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ rárá tí ariwo rẹ̀ máa dí wa létí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, Bàbá Ràfíù, ni olórí ẹbí. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ ilẹ̀, ó ní kí n mú un. Mo ní ká kọ̀wé sí i, ó fajú ro: "Ta ló ń gbàwé lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀?" Ojú tì mí, mo pa á tì. Ẹnu ara mi ni mo tún fi sọ fún un pé, "Bọ̀dá, tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbí, iṣẹ́ wa bà jẹ́ nìyẹn." Ó mirí, ó ní òun gbọ́. La bá gbé àwo kejì síbẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ránṣẹ́ pè mí pé àlejò ń bọ̀ wá wo oko, kí n wá bá òun se oúnjẹ. Èmi rò pé àwọn tó fẹ́ ra iṣu ni. Mo gúnyán, mo fẹran ìgbẹ́ se ẹ̀gúsí, mo sì kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n ń yìn mí! Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu iyán kún tiwọn. Àṣé àwọn tó fẹ́ ri òpó ni mò ń bọ́! Ìgbà tí mo fi máa padà lọ wo àwo wa, òpó ti dúró gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ti bo ohùn òṣùpá mọ́lẹ̀.

Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ràfíù wà ní Kùtọ̀nù, mi ò gbóhùn ọmọ mi. Ṣé òṣùpá ni yóò sin mí ni?" Mi ò lè sọ pé ó parọ́. Inú gbogbo ará abà ló ń dùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sọ fún mi? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló ní kí n wá gúnyán?

Láàárọ̀ yìí, fóònù mi dún. Òun ni, láti oko. Ohùn rẹ̀ já gaara bí ẹni tó jókòó tì mí. "Àbúrò mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Mò ń gbọ́ ọ ketekete. Ó ń pè mí, ó ń pè mí, mo kàn gbé fóònù mọ́ àyà, mò ń sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ irú ìyà yìí rí, kí ni kí n dá a lóhùn?