Agogo Tí Kò Dún fún Akínyẹmí Apẹja

Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ̀yin àna wa tí ẹ ti Ìjàn wá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Tóyọ̀sí, Glory, ẹ̀yin ọmọ olóògbé, ẹ kú ìrọ́jú. Àbẹ̀kẹ́, aya wa, Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀rẹ́ mi. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Gideon ni, èmi tí mò ń lu agogo ìjọ wa. Ẹni tí kò mọ ojú mi mọ ọwọ́ mi, torí èmi ni mò ń jí yín láràárọ̀ tí ẹ ń ráhùn lábẹ́ aṣọ ìbora. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ jìnnà: ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n sunkún mi, kí n sì ríran díẹ̀.

Akínyẹmí gbin kòkó, ó gbin iṣu, ṣùgbọ́n ẹja ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó dìde bá yín jà, ẹ kàn sọ pé kò sí ìgbà tí èèyàn ò lè pẹja. Á ní: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ùgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ́, tí o ṣì ń wo ọwọ́ ara rẹ bí ọwọ́ ẹlòmíràn, ùgbà yẹn ni. Ùgbà mìíràn kò sí!"

Èmi a máa ta kò ó. Mo ní ẹja tó bá máa kú kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Ó ní a kì í dé odò ká tún máa jiyàn bóyá ọṣẹ hó tàbí kò hó, ó yá, ká lọ. Ọ̀sán la kọ́kọ́ lọ, torí ọ̀sán ni mo mú. Ẹ̀yin èèyàn, oòrùn jó mi lórí pípá yìí! Akàn kan ṣoṣo ni mo fà jáde, ìyẹn náà sì gé okùn ìwọ̀ mi. Akínyẹmí jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò ju ìwọ̀ rárá. Ó ní lọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ tí omi ti tutù ni ẹja ń lọ, pé òun kì í kanlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń sùn. Lọ́jọ́ kejì a lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀fọn jẹun yó, àwa kò rí nǹkan kan jẹ.

Ló bá ní, "Ó ku àárọ̀. Wá bá mi lọ láàárọ̀." Ibẹ̀ ni mo ti fà sẹ́yìn. Bí mo bá lọ, ta ni yóò lu agogo? Agogo àdúrà òwúrọ̀ àti ẹja Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, àsìkò kan náà ni wọ́n ń jí. Títí tó fi kú, mi ò bá a lọ lówùúrọ̀ rí.

Àsìkò kan náà yìí ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ mọ òfin wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn àlejò. Ọkùnrin tó bá ń pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ, a ó sún un sẹ́yìn. Kò ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni yóò máa jókòó sí, bó bá sì kú síbẹ̀, agogo kò ní dún fún un. Akínyẹmí ń pa àdúrà jẹ. Wọ́n pè é, wọ́n bi í. Ó ṣàlàyé pé òun máa ń gbọ́ agogo láti orí omi. Ó ní bó bá ti dún, òun á ṣí fìlà, òun á dúró nínú omi tó dé orúnkún, òun á gba Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí òun tó fa okùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alàgbà kan ní, ṣé àwọn ẹja ló ń ṣe àmín ni? Akínyẹmí ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe é ju àwọn alàgbà lọ. Ìyẹn gan-an ló bí wọn nínú.

Wọ́n ní kó ṣáà ṣèlérí pé òun kò ní lọ sódò lówùúrọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò lè torí àga iwájú purọ́ fún Ọlọ́run. Uṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ bá mi bẹ ẹja kó máa jáde lọ́sàn-án." Olóríkunkun èèyàn! Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi lọ. Ó ń kọrin sókè ju ẹgbẹ́ akọrin lọ, ohùn rẹ̀ kò sì dára rárá.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Níbi ìkórè, ta ló ń gbé ẹja àrọ̀ yíyan wá, èyí tó ká ìrù rẹ̀ mọ́ orí, tí gbogbo wa ń dúró dè ní gbàǹjo? Nígbà tí ìyàwó Pásítọ̀ bímọ, tí ara rẹ̀ kò yá, ta ló ń gbé garawa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí ẹja ṣì ń jà nínú rẹ̀, fún ọbẹ̀ ata ìyá ọmọ? Ìgbà wo la rò pé wọ́n mú ẹja yẹn? Àárọ̀ tí a torí rẹ̀ sún un sẹ́yìn náà ni. A ń jẹ ẹja àárọ̀, a sì ń bá apẹja wí nítorí àárọ̀. Èmi náà jẹ níbẹ̀ o. Mo lá ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé ló dákẹ́, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Mo ti ń lọ sí ilé agogo nígbà tí wọ́n pè mí padà pé kí n má tíì lù ú, pé àwọn àgbà ní láti ṣèpàdé ná bóyá ó yẹ kó dún. Mo ní ìgbà wo ni ìpàdé? Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ gbọ́ o! A ó kọ́kọ́ sin òkú tán, a ó wá jókòó pinnu bóyá kí aráyé gbọ́ pé ó kú. Mo sì yí padà sílé. Mi ò jiyàn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Àwọn àna wa yìí dé oríta, wọ́n bèèrè ilé òkú. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ní, òkú wo? Ó ní òun kò gbọ́ agogo òkú kankan, pé Akínyẹmí apẹja wà láàyè, kí wọ́n lọ wò ó lódò. Wọ́n sì lọ sódò! Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára wọn, wọ́n dúró létí omi, wọ́n ń pe orúkọ ẹni tó ti kú. Tóyọ̀sí ló lọ kó wọn wálé.

Nígbà tí wọ́n rò ó tán, Àbẹ̀kẹ́ wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà yìí. Orúkọ ọmọ mi ló máa ń fi pè mí. Ó ní, "Bàbá Fẹ́rànmí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé agogo ló bàjẹ́ ni?" Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn èèyàn ń wò mí. Mo ní okùn rẹ̀ ló já.

Àbẹ̀kẹ́ wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé okùn kan jáde. Ó ní okùn tuntun tí ọkọ òun rà fún àwọ̀n ni, kò tíì kan omi, kí n jọ̀ọ́ fi tún ti agogo ṣe. Okùn náà rèé lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tó ti gbé e fún mi, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tiẹ̀ pé ọjọ́ kan. Àbẹ̀kẹ́, aya wa, okùn agogo kò já. Agogo kò bàjẹ́. Wọ́n ní kí n má lù ú fún ọkọ rẹ, mo sì gbà. Níwájú àwọn ọmọ rẹ ni mo ti purọ́, níwájú wọn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Dárí jì mí.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo júbà yín. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa so okùn yìí mọ́ agogo, mo máa lù ú fún Akínyẹmí títí gbogbo Ìsẹ̀ á fi gbọ́. Mi ò tọrọ àyè o, mò ń fi tó yín létí ni. Ẹ ṣèpàdé yín nígbà tó bá wù yín. Bí ẹ bá sì ní kí n lọ sẹ́yìn, mo mọ bẹ́ǹṣì náà. Ó ti ṣófo láti ọjọ́ Ajé.

Akínyẹmí ọ̀rẹ́ mi, máa lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló. Èmi kò ní yọ ara mi lẹ́nu láti sọ ọ́ fún ìwọ, torí ẹnu ìwọ̀ lo máa fi ekòló sí. Kí ọ̀nà tutù fún ẹ. Kí Ẹlẹ́dàá rẹ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kí Ó fi ọ́ jókòó síwájú. Àwọn ọmọ tí o fi sílẹ̀, a kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ wọ́n.

Agogo ọ̀la, ìwọ ló ni ín. Ó pẹ́ kó tó dún. Má bínú sí wa.