Dísìkì Kejì fún Ẹ̀rọ Aṣọ́nà

Nínú ọkọ̀ Tẹ̀dé sí Ṣakí, ìyá àgbẹ̀ kan ń da ìbéèrè bo ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tó jókòó tì í.

"Kí ni ẹ̀rọ tó o fẹ́ lọ tún ṣe yìí ń ṣọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ni, Ìyá. Ẹni tó bá ti wọ inú wọn, á kọ orúkọ ẹ̀ sínú dísìkì, ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí. Ẹnìkan yọ́ wọ inú wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá wá ní kí n fi dísìkì kejì kún un, kí méjèèjì jọ máa kọ ọ́."

"Ìyẹn mà dáa."

"Àmọ́ kó tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ náà á pa gbogbo àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, títí kan ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Háà! Bá a bá fẹ́ tún àká kọ́, ṣebí a máa ń kọ́kọ́ kó ọkà inú ẹ̀ jáde?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní kò sáyè."

"Bóyá kò mọ̀ pé á pa rẹ́ ni."

"Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, Ìyá."