Ọkọ Rẹ Fọ Ọmọ Ewúrẹ́ Mi

Má sọ pé kí n fara balẹ̀ o! Ta ni kí n fara balẹ̀ fún? Ṣé ọkọ rẹ tó fọ ọmọ ewúrẹ́ mi bí ẹni fọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó wá jókòó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń pe ìyá ẹran náà ní ìyá burúkú níṣojú igba èèyàn? Èmi ni mo bí ọ, n kò ní tàn ọ́: orí ọkọ tó o fẹ́ yẹn kún fún ìwé débi pé nǹkan míì ò ráàyè wọlé.

Ó ní òun fẹ́ ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì! Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò nílẹ̀kùn, tí kò ní bẹ́ǹṣì, inú fóònù ló wà. Mo ní kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní ìmọ̀ ìṣesí ẹranko. Mo ní ẹranko wo lo sìn rí? Ó ní òun fi ọdún mẹ́rin kàwé nípa ẹ̀. Mo ní ó dáa. Kí ni kí n sọ? Àna ẹni ni. Ó ní kí n yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn, mo kó àpótí mi jáde. Ó fi aṣọ funfun bo ògiri, ó gbé iná mẹ́ta kalẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn níbẹ̀. Oṣù kan gbáko ló fi ń tẹ̀ lé mi kiri àgbàlá, “Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òní ni ewúrẹ́ yìí máa bímọ? Màmá, kí ló dé tó ń fẹsẹ̀ họlẹ̀?” Mò ń sọ, ó ń kọ ọ́. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn. Kò kàn bi mí pé ṣé a máa ń fọ ọmọ ewúrẹ́ ni!

Ọjọ́ tó ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, ọjọ́ kejì tí Abilékọ, ìyá ewúrẹ́ mi, bímọ ni. Ó ní òun máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń dá ọmọ ẹ̀ mọ̀. Mo ní kò burú. Mo yà sọ́dọ̀ aránṣọ, n kò pẹ́ rárá. Kí n tó dé, ó ti fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olóòórùn rẹ wẹ ọmọ ẹran, ó ti fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún, ó tún wá fín lọ́fínńdà sí i lára! Kó lè dán nínú kámẹ́rà, ló wí. Háà! Ṣé ojú ni ewúrẹ́ fi ń mọ ọmọ ẹ̀? Ṣebí imú ni! Èmi tí n kò ka ìwé kọjá kíláàsì kejì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Abilékọ gbóòórùn ìdí ọmọ, ó gbóòórùn lọ́fínńdà, ó sún sẹ́yìn, ó kàn án gbì! Ọmọ yí gbiri-gbiri lọ sídìí iná. Ọ̀gá tíṣà wá kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, “Ẹ wò ó, irú ìyá tó ń kọ ọmọ nìyẹn, àìsàn ìwà ni.” Àìsàn ìwà! Abilékọ tó ti bí mọ́kànlá, tí kò kọ ẹyọ kan rí!

O ní kò mọ̀ ni? Ẹn-ẹ́n! Tíṣà ò mọ̀. Tó bá rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú, ta ni kó lọ bi?

Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Mo ti fún wàrà ìyá sí ọmọ lára, mo sì ń kán díẹ̀ sí i lẹ́nu, àmọ́ kò tó o. Mo ti fi iyọ̀ pa á lẹ́yìn kí ìyá lè máa lá a. Ó lá iyọ̀ tán, bí ọmọ ṣe sún mọ́ ọmú, ó ta á nípàá. Ó yẹ kí ẹnì kan di orí ìyá mú kí ẹnì kejì fi ọmọ sídìí ọmú. Ẹyọ ara kan ni mo ní, ìbàdí mi ò sì gbọ́ tèmi mọ́. Mo ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ. Ṣé o mọ ohun tó ní kí wọ́n wá sọ fún mi? Pé kí n má fọwọ́ kàn wọ́n! Pé òun fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ibi tó máa já sí! Ibo ló tún fẹ́ já sí? Ọmọ ẹran tí kò mu ọmú á kú ni. Ṣé èyí náà gba kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Gbọ́ bó ṣe ń ké. Láàárọ̀, ohùn ẹ̀ ò tín-ín-rín tó báyìí.

Má wulẹ̀ sunkún sí mi lọ́rùn, kò sí wàrà nínú omijé. Dìde! Ìwọ lo fẹ́ ẹ, ìwọ ni kó o lọ mú un wá. Kó wá di orí Abilékọ mú láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí ọmọ á fi mu ọmú yó, tí òórùn ìyá ẹ̀ á fi padà sí i lára. Ìsinsìnyí ni mo wí o! Tó bá ní òun ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, sọ fún un pé ìyá ìyàwó ẹ̀ ti fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ní họ́lídè.